Ìyẹ́ Wúrà, Ẹyin Òfìfo

Adìẹ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Sebright. Àkùkọ rẹ̀ kì í sábà wọ̀n ju nǹkan bí gíráàmù 620 lọ, àgbébọ̀ rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ kí ó dúró síbẹ̀ kí ó máa wò yín lójú. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ kiri ayé. Gbogbo ìyẹ́ tó wà lára rẹ̀, láti ọrùn dé ìrù, láti àyà dé itan, ló ní àwọ̀ kan ṣoṣo láàárín, yálà wúrà tàbí fàdákà, tí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí etí rẹ̀ po láìjá níbi kankan. Ẹ fa ọ̀kan tu ní àyà, ẹ fa òmíràn tu ní ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì: wọ́n lè tóbi jura wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ara wọn kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Àkùkọ rẹ̀ kò tún ní ìrù gígùn tó tẹ̀ kọrọdọ tí a mọ̀ mọ́ àkùkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìyẹ́ ọrùn ṣóńṣó tó ń dán. Aṣọ tí aya rẹ̀ wọ̀ ni òun náà wọ̀.

Mo ti pẹ́ láyé tó láti fura sí ohun tó bá lẹ́wà tó báyìí. N kò sọ pé ẹwà burú o. Ṣùgbọ́n ẹwà tí a fi ọwọ́ ṣe a máa ní owó orí, ẹni tó ń jẹ adùn rẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ ẹni tó ń san owó náà. Ọ̀rọ̀ adìẹ kéékèèké tí wọ́n ń sìn nítorí àwọ̀ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí níbẹ̀ ni mo ti rí gbèsè náà kedere jù.

Sir John Saunders Sebright ló dá adìẹ náà sílẹ̀. Wọ́n bí i ní 1767, ó kú ní 1846. Olówó tó ní ilẹ̀ ni, ibùgbé rẹ̀ ni Beechwood ní Hertfordshire, ó sì jẹ́ aṣòfin fún Hertfordshire láti 1807 títí di 1834. Ẹni tó bá gbọ́ irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò rò pé òfin àti owó ìlú ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ajá, ẹyẹlé àti adìẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún da onírúurú adìẹ pọ̀ mọ́ra wọn, ó ń ṣa èyí tó bá sún mọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó ń ti ìyókù sẹ́yìn, títí ìyẹ́ alétí dúdú yìí fi dúró. Ní nǹkan bí 1810, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún irú adìẹ kan ṣoṣo yìí. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Èrèlé, wọn a pàdé ní ilé kọfí Gray's Inn ní London, wọn a gbé adìẹ wọn sílẹ̀, wọn a wọ̀n wọ́n, wọn a sì dá ẹjọ́ ìyẹ́.

Ẹ rántí pé 1822 ni wọ́n bí Gregor Mendel, àlùfáà tó fi ẹ̀wà ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí òbí. Gbogbo ohun tí Sebright ṣe, ojú lásán àti sùúrù ló fi ṣe é. Charles Darwin, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1859, pè é ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, ó sì sọ ohun kan tí ọkùnrin yìí máa ń wí nípa ẹyẹlé: pé irú ìyẹ́ tó wù kí ènìyàn fẹ́, òun lè mú un jáde ní ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orí àti ẹnu ni, yóò gba òun ní ọdún mẹ́fà.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Lójú mi, ó tóbi ju ìyànga lọ. Ohun tó ń sọ ni pé àwọ̀ tètè ń gbọ́ràn. Ara a máa jà, egungun a máa lọ́ra, ṣùgbọ́n ìyẹ́ a tètè jẹ́ ìpè ẹni tó ń ṣà á. Níbẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ohun tó bá tètè dá ènìyàn lóhùn ni yóò máa pè léraléra, títí yóò fi gbàgbé àwọn tó ń dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹ̀dọ̀fóró, ẹyin, agbára láti la ọ̀gbẹlẹ̀ kọjá.

Bántàmù ni wọ́n ń pe irú adìẹ kékeré báyìí káàkiri ayé, láti ara Banten, ìlú èbúté kan ní erékùṣù Java, níbi tí àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ra adìẹ kéékèèké sínú ọkọ̀ fún jíjẹ lójú agbami. Àwọn kan kò di jíjẹ, wọ́n bá ọkọ̀ délé. Lára bántàmù òde òní, ọ̀pọ̀ jẹ́ adìẹ ńlá tí wọ́n sọ di kékeré, ṣùgbọ́n àwọn kan kò ní ẹ̀gbọ́n ńlá níbikíbi. Bí a ṣe rí wọn yẹn ni wọ́n mọ. Sebright wà nínú àwọn wọ̀nyí. Chabo ti Japan náà wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú débi pé àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ti Pekin, tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kó ààfin ọba China ní 1860 ló gbé e wálé. Ẹ ò rí nǹkan! Ọdún 37 kí wọ́n tó kó ààfin ọba Benin, wọ́n ti fi adìẹ kọ́ ọwọ́.

Ìdí tí àwọn tó ń lépa àwọ̀ fi fẹ́ràn adìẹ kékeré kò ju ìṣirò lọ. Kí adìẹ kan tó jáde tó pé, ènìyàn ní láti pa ọ̀pọ̀ ẹyin, kí ó sì bọ́ gbogbo òròmọdìẹ náà títí ìyẹ́ àgbà yóò fi hù, torí kò sí bí ó ṣe lè mọ èyí tó pé ṣáájú ìgbà náà. Bí ó bá jẹ́ adìẹ ńlá, oúnjẹ nìkan yóò sọ olówó di akúṣẹ̀ẹ́. Bántàmù kì í jẹ púpọ̀, ilé rẹ̀ kì í tóbi, ẹni tó ní àgbàlá tóóró lẹ́yìnkùlé náà lè ṣe é. Òfin sì tún ràn án lọ́wọ́: ní 1835 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ìjà àkùkọ léèwọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn àkùkọ kò ṣíwọ́ ìfẹ́ wọn, wọ́n kàn gbé ìdíje náà kúrò lára ẹ̀jẹ̀ bọ́ sára ìyẹ́. Nígbà tó fi di 1845, wọ́n ti ṣe ìpàtẹ adìẹ ńlá kan nínú ọgbà ẹranko London, kí Sir John tó kú ní ọdún kejì.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ìyẹ́ náà lọ.

Gbogbo àwọ̀ tí ẹ ń rí lára adìẹ, ìkòkò aró méjì péré ni wọ́n ti bù ú: dúdú kan, pupa kan. Pupa náà lè ṣá di wúrà, ó lè ṣá di àwọ̀ àgbàdo gbígbẹ. Dúdú náà lè ṣá di eérú. Ibi tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, funfun ni. Àwọ̀ ewé tó máa ń kọ mọ̀nà lára ìrù àkùkọ dúdú, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ṣeré lórí ìyẹ́. Aró ewé kankan kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń mú kí adìẹ kan yàtọ̀ sí ìkejì ni bí a ṣe pín aró méjì yìí: èwo ló lọ síbo, èwo ni wọ́n dá dúró, nígbà wo ni wọ́n dá a dúró bí ìyẹ́ ṣe ń hù. Ìlà dúdú etí ìyẹ́ Sebright yẹn, àwọn onímọ̀ ní ó kéré tán àbùdá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún lára òbí, ló gbọdọ̀ pàdé lára adìẹ kan kí ó tó lè hàn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìlà yóò já, tàbí kí dúdú ya wọ àárín ìyẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò sì dàrú. Ọkùnrin tí kò gbọ́ orúkọ àbùdá rí mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lójú kan. Mo ṣí fìlà fún un.

Wúrà àti fàdákà ni kí ẹ fetí sí dáadáa, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Lára ọmọ ènìyàn, ohun tí bàbá bá fi sílẹ̀ ló ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo. Lára adìẹ, ìyá ló ń sọ ọ́. Àbùdá tó yà wúrà sọ́tọ̀ kúrò lára fàdákà sì wà ní ibi tí àkùkọ ti ní méjì, tí àgbébọ̀ ti ní ẹyọ kan ṣoṣo, fàdákà sì lágbára ju wúrà lọ. Bí ẹ bá mú àkùkọ oníwúrà gun àgbébọ̀ onífàdákà, gbogbo ọmọ wọn obìnrin yóò jẹ́ wúrà bíi bàbá wọn, gbogbo ọmọ wọn ọkùnrin yóò jẹ́ fàdákà bíi ìyá wọn. Kò ní yẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń pa òròmọdìẹ ti fi èyí jẹun pẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n ti mọ èyí tí yóò yé ẹyin àti èyí tí yóò kọ. Ní Cambridge, onímọ̀ àbùdá Reginald Punnett àti ẹnìkejì rẹ̀, Michael Pease, tẹ̀ síwájú nínú irú ọgbọ́n yìí, wọ́n dá irú adìẹ tuntun sílẹ̀ tí akọ rẹ̀ àti abo rẹ̀ ti yàtọ̀ síra láti kékeré, ìran dé ìran.

Àwọ̀ tó wá ju gbogbo wọn lọ lójú tèmi ni èyí tí àwọn tó ń sin adìẹ ń pè ní búlúù. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó wá rí i lè bínú, torí eérú ni, eérú tó mọ́, tí etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣú díẹ̀ ju àárín rẹ̀ lọ. Andalusia ti ilẹ̀ Spéènì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, ó ní bántàmù tirẹ̀, ẹ ó sì rí àwọ̀ náà lára Pekin àti àwọn mìíràn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í dúró. Ẹ mú àkùkọ búlúù gun àgbébọ̀ búlúù, ẹ pa ẹyin tó pọ̀. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan yóò dúdú kanlẹ̀, méjì yóò jẹ́ búlúù, ọ̀kan yóò funfun wúruwùru tí eérú ta sí lára níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìwọ̀n yìí ni ẹ ó máa rí, yálà ẹ ṣa òbí dáadáa tàbí ẹ kò ṣà wọ́n. Ọdún mẹ́wàá àṣàyàn kò yí i padà, ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè yí i padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti mọ òfin yìí. Ẹ mọ̀ ọ́n láti inú ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ AS tó fẹ́ AS, wọ́n á sọ fún un pé nínú ìdá mẹ́rin, ìdá kan lè jẹ́ AA, méjì AS, ọ̀kan SS. Adìẹ búlúù ni AS. Ó gba àbùdá kan lọ́dọ̀ bàbá, ó gba òmíràn lọ́dọ̀ ìyá, kò sì sí bí a ṣe lè fi agbára mú ohun tó jẹ́ àpapọ̀ méjì kó di ẹyọ kan. Onímọ̀ àbùdá William Bateson àti Punnett ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ búlúù yìí fún ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, lẹ́yìn tí Bateson ti fi ogbe orí adìẹ fi hàn ní 1902 pé òfin tí Mendel rí lára ẹ̀wà ń ṣiṣẹ́ lára ẹranko pẹ̀lú. Apá tó wù mí jù nínú àlàyé wọn nìyí: ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ọmọ adìẹ rẹ̀ jẹ́ búlúù, kí ó má mú búlúù kankan. Kí ó mú dúdú tó fẹ́ pa jẹ, kí ó mú wúruwùru tó fẹ́ fi tọrẹ, kí ó fi wọ́n ṣọkọ ṣaya. Gbogbo ọmọ wọn, láìku ọ̀kan, búlúù ni. Àwọn méjì tí kò lè gba ẹ̀bùn níbi ìpàtẹ ni ìyá àti bàbá àwọn tó ń gbà á.

Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ ní agbolé wa. Adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, tí ẹ máa rí bí ẹni pé atẹ́gùn ló gba ìyẹ́ rẹ̀ lódì, búlúù ni ní ọ̀nà tirẹ̀: ó ní àbùdá kíká kan, ó ní ti ìyẹ́ tó tẹ́jú kan. Bí irú rẹ̀ méjì bá gun ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn yóò ká jù; ìyẹ́ wọn yóò máa dá, ara wọn yóò ṣí sílẹ̀ fún òjò. Òpìpí tí ìyẹ́ kò kún apá rẹ̀ wà nílẹ̀ wa, abolọ́rùn tí ọrùn rẹ̀ dán wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní fásitì wa sì ti fi ọ̀pọ̀ ìwádìí wò wọ́n, nítorí adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ a máa rí ọ̀nà tú ooru dànù nílẹ̀ tó gbóná.

Ẹni tó bá ní Yorùbá kò bìkítà fún àwọ̀ adìẹ, kò tíì bá wa ná adìẹ lọ́jà. Ẹni tó ń wá funfun fún Ọbàtálá kò ní gba pupa bí ẹ tilẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í jókòó ti adìẹ láti ṣètò ẹni tí yóò fẹ́ ẹni. Ní agbolé tí irú èmi ti dàgbà, àwòdì ni adájọ́ àwọ̀. Òròmọdìẹ funfun tó bá jẹko kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀, ojú ọ̀run ti rí i. Àwọn aláwọ̀ ilẹ̀, àwọn alámì pupa pẹ̀lú dúdú tí ènìyàn lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀, ni wọ́n máa ń dàgbà. Àwọn àgbà ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà; ọ̀pọ̀ wọn ni kò tilẹ̀ dàgbà. Ìdájọ́ àwòdì le, àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan nínú rẹ̀: kò ṣe ojúsàájú sí ìyẹ́ nìkan. Adìẹ tí kò lè sáré, tí kò lè gbọ́ ìró apá, tí kò lè fara mọ́ igbó, yóò lọ, àwọ̀ yòówù kó ní. Adájọ́ ti London tó ń wo ìyẹ́ létí létí nínú àgò kò lè rí adìẹ náà bó ṣe ń sáré.

Iṣẹ́ ọwọ́ olùsìn fúnra rẹ̀ kò ní ariwo nínú. Kí ó tó mú àkùkọ tó yàn wọlé, ó gbọdọ̀ ti ya àgbébọ̀ sọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí àtọ̀ àkùkọ tó ti gùn ún tẹ́lẹ̀ a máa wà láàyè nínú ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, àwọ̀ ọmọ àkùkọ aládùúgbò ni yóò máa fi ẹnu ṣàlàyé. Kí ó kọ ọjọ́ sára ẹyin. Ọ̀pọ̀ àgbébọ̀ bántàmù a máa sàba dáadáa, àwọn kan tilẹ̀ máa ń sàba jù; ọjọ́ 21 ni yóò fi jókòó bí adìẹ yòókù. Bí ọmọ bá jáde, òrùka ẹsẹ̀ ni, kí ọmọ tọ̀hún má di ọmọ tibí. Kí ó má sì fi ìyẹ́ múlọ́múlọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ dájọ́. Ọmọ tí yóò dúdú lè fi àyà funfun jáde nínú ẹyin, ọmọ tí yóò ní ìlà lè jáde láìní ìlà kan. Ìyẹ́ yóò já, òmíràn yóò hù, yóò tún já, kí aṣọ àgbà tó dé. Oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ìdájọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kánjú kí ó lọ gbin ẹ̀fọ́.

Oúnjẹ náà kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Púróténì ló pọ̀ jù nínú ìyẹ́, nítorí náà nígbà tí adìẹ bá ń já ìyẹ́ ọdún, sóyà, ẹja gbígbẹ tí a lọ̀, ìdin àti ikán ni kó rí jẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ tuntun yóò ní àbùkù tí yóò máa gbé kiri títí ọdún yóò fi yípo. Àgbàdo pupa tó pọ̀ jù a máa jẹ́ kí adìẹ funfun pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ tí wọn kò fọ̀ mọ́. Oòrùn náà a máa ba fàdákà jẹ́, a máa ṣá búlúù. Àwọn kan a máa ti adìẹ wọn mọ́lé nítorí èyí ní gbogbo ìgbà ìpàtẹ, n kò sì fara mọ́ ọn: adìẹ tí kò rí erùpẹ̀ wẹ̀, iná adìẹ ni yóò kó, kò sì sí ìyẹ́ tí iná kò lè jẹ.

Mo wá padà sí gbèsè ẹwà tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn onímọ̀ yóò ní adìẹ kò ní ihò òógùn rárá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí; ẹni tó pa òwe yẹn mọ ohun tó ń bá sọ̀rọ̀. Àkùkọ Sebright tó wọ aṣọ aya rẹ̀ yìí, kí ló ṣe é? Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, onímọ̀ àbùdá Thomas Hunt Morgan ní Fásitì Columbia, ní New York, tẹ àwọn àkùkọ Sebright lọ́dàá. Nígbà tí ìyẹ́ tuntun hù, ìrù gígùn àkùkọ jáde lára wọn, ìyẹ́ ọrùn ṣóńṣó náà jáde. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tó wá rí ìdí rẹ̀: awọ ara Sebright ń sọ họ́mọ́ọ̀nù akọ di ti abo, ìyẹ́ sì ń gbọ́ ohùn abo. Ègé fáírọ́ọ̀sì kan ló ti já wọ inú àbùdá adìẹ náà, ó jókòó síbi tí kò yẹ kó jókòó, ó wá tan iná tí kò yẹ kó jó lára awọ. Ohun tí àwọn olùfẹ́ adìẹ ń pè ní àrà, inú rẹ̀ rí báyìí.

Owó rẹ̀ sì wà nínú ẹyin. Gbogbo ẹni tó ń sin Sebright ló mọ̀ pé ẹyin rẹ̀ kì í pọ̀, pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tó bá yé ni kì í ní ọmọ nínú, pé òròmọdìẹ rẹ̀ kò lágbára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pé àrùn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Marek máa ń mú un ju ọ̀pọ̀ adìẹ mìíràn lọ. Àkùkọ tí ìrù rẹ̀ bá dà bíi ti abo pátápátá, tí adájọ́ yóò fún ní ẹ̀bùn kìíní, àwọn àgbà olùsìn kì í fọkàn tán an nílé. Wọn a máa fi èyí tí ìrù rẹ̀ gùn díẹ̀, tí kò lè dé ibi ìpàtẹ, ṣe bàbá ọmọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ búlúù ló tún padà wá yìí, ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ló ń gbé ilé ró.

Ohun tó dùn mí ni pé Sebright kò ṣàì mọ̀. Ní 1809, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí onímọ̀ ewéko Sir Joseph Banks lórí bí a ṣe ń tún irú ẹran ọ̀sìn ṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé òun ti fi ìbátan gun ìbátan lára ajá, adìẹ àti ẹyẹlé láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Pé ajá tó lágbára tẹ́lẹ̀ di ajá kékeré aláìlera, pé adìẹ di ẹlẹ́sẹ̀ gígùn alára kékeré tí kò lè bímọ dáadáa. Ọwọ́ tó kọ ìkìlọ̀ yẹn ni ọwọ́ tó dá adìẹ tó ń ru ẹrù ìkìlọ̀ náà sílẹ̀. N kò pè é ní alágàbàgebè. Mo rò pé ó rí ìyẹ́ náà, ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó ku díẹ̀, ó tún ku díẹ̀, ojú rẹ̀ sì kúrò lára ẹyin. Àwọn bàbá wa tó ní kí á wádìí ìdílé kí á tó fẹ́yàwó, tí wọ́n ka ìbátan léèwọ̀ fún ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nìyí. Wọn kò ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London, ṣùgbọ́n òfin wọn ń dúró níbi tí òfin Sebright ti ń yẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n dájọ́, n kò ní ní kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ìyẹ́ wúrà alétí dúdú yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí ọwọ́ ènìyàn ti fi ẹran ọ̀sìn ṣe, ilé tó sì ní àgò bántàmù mẹ́ta lẹ́yìnkùlé jẹ́ ilé tí ọmọdé yóò ti kọ́ ìṣirò láìsí ẹgba. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á máa fi ẹyin ṣáájú ìyẹ́ nínú ìdájọ́ wa. Ẹni tí àgò rẹ̀ kò bá pa ọmọ tó dára fún ọdún méjì, kí ó wá àkùkọ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí ó fara mọ́ ìyẹ́ tí kò dára tó fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹ́ yóò padà wá. Sebright ti sọ fún wa pé ọdún mẹ́ta ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra bántàmù aláwọ̀, ní Ìbàdàn ni tàbí ní London, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ bi í pé nínú ẹyin mẹ́wàá tí wọ́n sàba lé kẹ́yìn, mélòó ló pa, mélòó nínú ọmọ náà ló sì wà láàyè di oṣù kẹta. Ẹ ní kí ó fi bàbá àti ìyá hàn yín. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i dáadáa, ẹ fi adìẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.